Ọjọ́ Tí Ìbò Pàdé Orò

Ara mi kì í gba ìdúró. Bí mo bá gbé omi kaná, èmi náà ni n ó máa ṣí ìdérí wò ṣáá, tí omi ò fi ní tètè hó. Lọ́jọ́ ìbò tí mò ń sọ yìí, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi ti wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń mu ògì rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Jókòó, ìwọ ọmọ yìí. Ìbò ò ní sá lọ."

"Màámi, ìbò lè má sá. Àwa la máa sá."

Orò ló fà á. Nílùú wa, kò jìnnà sí Ìlárá Rẹ́mọ, bí Orò bá jáde lọ́sàn-án, obìnrin kankan ò gbọdọ̀ sí níta. Ṣọ́ọ̀ṣì yòówù tó ń lọ, ìwé yòówù tó kà, ilé ni yóò wà. Wọ́n ti mú ọjọ́ ìbò tẹ́lẹ̀, kò sì kan ọjọ́ Orò rárá. Àfi bí ìjọba ṣe ṣàdédé sún ìbò síwájú, tó wá bọ́ sọ́jọ́ Orò gẹ́lẹ́. Àwa obìnrin lọ bá àwọn àgbà ìlú. Olóyè kan dá wa lóhùn pé, "Orò kọ́ ló lọ bá ìbò. Ìbò ló wá bá Orò." Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn á ṣàánú wa: kí obìnrin jáde láàárọ̀, kó dìbò tiẹ̀, tó bá ti di ọ̀sán gangan, Orò á jáde. Gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ mi orí pé ó dáa. Ó dùn mí wọra. Wọ́n ń gé ẹ̀tọ́ mi fún mi bí ẹni tó ń gé ẹran fún ọmọdé.

Ìyá mi ò bá wọn jà. Ohun tó ń wá ni pé kí òun ṣáà dìbò, nítorí orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún, kò sì mọ̀ bóyá ìbò mìíràn máa bá òun lẹ́sẹ̀. Ó ní òun fẹ́ dì í fún ìyá tòun. Ìyá ìyá mi sanwó orí fún ìjọba òyìnbó bí ọkùnrin ṣe ń san án, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ yan ẹni tí yóò jókòó ní káńsù, wọ́n á ní kó lọ tọ́jú ọmọ. Ó máa ń sọ pé, "Owó mi mọ ọ̀nà káńsù, ẹsẹ̀ mi ni ò mọ̀ ọ́n."

Abẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti ń dìbò. A débẹ̀ ní kùtùkùtù, àwọn elétò ìbò ò tíì dé. Oòrùn ti ga kí ọkọ̀ wọn tó yọ. Àgùnbánirọ̀ ni wọ́n fi ṣe olórí wọn. Ẹ̀rọ tó ń yẹ ojú wò ò yára, á wo ojú arúgbó kan títí, á ní òun ò mọ̀ ọ́n. Mò ń wo aago, mò ń rìn sókè sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà títí ọkùnrin kan fi ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, òòyì ń kọ́ mi."

Ó ku èèyàn díẹ̀ kó kan ìyá mi tí Orò fi ké láti ọ̀nà igbó.

Èmi tí mo ti ń lérí káàkiri ilé pé kò sẹ́ni tó lè lé mi kúrò lórí ìlà, ẹsẹ̀ mi ò bi mí léèrè. Mo fa ìyá mi lọ́wọ́, gbogbo wa ya wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, a ti ilẹ̀kùn, a ti fèrèsé. Inú ṣókùnkùn, èémí gbogbo wa ń gbóná. Ìyá mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, ó ń wo àtàǹpàkò rẹ̀ tí kò ní yíǹkì. Inú bí mi débi pé mo bú sẹ́kún.

Ìgbà tí mo nu ojú ni mo rí àgùnbánirọ̀ náà. Obìnrin ṣáà ni. Ó dúró síbi igun, ó gbá ẹ̀rọ àti ìwé ìdìbò mọ́ àyà. Àwọn àgbà ro ti Orò, wọ́n ro tiwa, kò sẹ́ni tó rò ó pé ìjọba lè fi obìnrin ṣe olórí ìbò. Níta, àwọn ọkùnrin tò sórí ìlà níwájú tábìlì òfìfo.

"Àpótí ńkọ́?" ìyá mi béèrè.

Àpótí ti kù síta. Ìyá mi dìde, ó fi ẹnu sétí fèrèsé. "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé àpótí yẹn wọlé. Orò ò bá àpótí jà."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín níta. Ọlọ́pàá gbé àpótí gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú tẹ̀ lé e. Ìyá mi tẹ̀ka, ó ká ìwé náà kò, ó jù ú sínú àpótí, ó sì pe ìyá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́: "Màámi, ẹsẹ̀ ti mọ ọ̀nà o." Àwọn ọkùnrin ń yọ́ wọlé níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò sẹ́yìn wa bí ẹni tó pẹ́ dé ìsìn.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo gbọ́ pé àwọn àgbà ti ránṣẹ́ sí àwọn elétò ìbò nípa èyí tó ń bọ̀. Inú mi dùn, mo ṣebí wọ́n fẹ́ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ Orò ni. Rárá o. Wọ́n ní kí wọ́n má fi obìnrin ránṣẹ́ sí ìlú wa mọ́.

Mo sáré lọ sọ fún ìyá mi. Kò lè rìn dáadáa mọ́ báyìí. Mo jókòó tì í, mo rojọ́, mo bú àwọn olóyè, mo tún rojọ́. Ó gbọ́ mi títí. Ìyá mi tó ti ń bẹ̀ mí láti kékeré pé kí n jókòó wá yíjú sí mi.

"O ṣì jókòó síbí?" ló wí.