Kúlíkúlí Aládàbínù Tí Rìsí Kò Tíì Parí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi lórí fóònù, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún yín. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ fojú fò ó. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, àyà mi ò lè gbé e mọ́.

Ọmọ Ìlọrin ni mí, ṣùgbọ́n Badarawa ní Kaduna níbí ni mo dàgbà sí. Kúlíkúlí ni iṣẹ́ mi. A ó yan ẹ̀pà, a ó bó o, a ó lọ̀ ọ́, a ó fún epo rẹ̀ jáde, a ó wá dín in. Inú àgbàlá mi ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Rìsìkátù ọmọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Rìsí, ló sọ ọ́ di kọ́ńpìnì nígbà tó parí ìwé rẹ̀ ní pólì. Ó ra ẹ̀rọ, ó fi orúkọ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ó tẹ náílọ̀n. Èmi, òun, Ìyá Dèjì ará Ògbómọ̀ṣọ́, Àmínà àti Bílíkí àbúrò mi la jọ ń ṣe é, òun náà la fi ń jẹun.

Rìsí fẹ́ràn láti máa gbìyànjú nǹkan tuntun. Ṣùgbọ́n ó ní òfin tirẹ̀ o! Kékeré ló máa kọ́kọ́ ṣe. Kì í fún mọ̀lẹ́bí tọ́ wò, ó ní mọ̀lẹ́bí ò ní sọ òótọ́. Ẹni tí kò mọ̀ wá rí ló máa ń tà á fún, kò sì ní bi í bóyá ó dùn. Mo ní ṣé kò yẹ kó béèrè ni?

Ó ní, "A'a, rárá, Màmá. Ẹnu lásán ni wọ́n máa fi yìn ín. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá wọ́n á padà wá rà á."

Ìgbà kan, ó ṣe kúlíkúlí alálùbọ́sà. Èmi jẹ ẹ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó gbé díẹ̀ lọ sí Afaka, ó tà á fún àwọn ọmọ iléèwé. Gbogbo wọn ní ó dùn. Ṣé ẹ rò pé wọ́n padà wá? Ẹnì kan ò padà! Ẹ̀yìn ìgbà náà la gbọ́ pé ẹni tó bá jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó ń fẹ́ jókòó tì í ní kíláàsì. Rìsí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ló ní ká má ṣe é mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká tún wò ó díẹ̀ sí i. Ó kọ̀. Ó ní bí èèyàn bá ti fẹ́ràn nǹkan jù, kò ní rí àbùkù rẹ̀, ká tètè fi í sílẹ̀ kó tó jẹ gbogbo ẹ̀pà wa tán.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Dèjì ti ń kí i láàárọ̀ pé, "Ìyá Alálùbọ́sà, ẹnu rẹ mà ń ta sánsán lónìí o!"

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ èyí tó fi dàbínù sí, èso dídùn tí a fi ń ṣínu lóṣù ààwẹ̀, kí àwọn ọmọ kéékèèké lè máa mú un lọ sí iléèwé dípò súìtì. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tí a dín in, ẹ ó máa lá ọwọ́ yín! Ṣùgbọ́n tó bá ti pẹ́ díẹ̀ nínú náílọ̀n, àgàgà lásìkò òjò, ńṣe ló máa ń dẹ̀, á máa lẹ̀ mọ́ eyín. Rìsí ń kó o pamọ́, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń yí bó ṣe ń ṣe é padà. Ìgbàkígbà tí mo bá bi í, ohun kan náà ló máa sọ: "Kò tíì tó, Màmá."

Ibi tó bá a dé nìyẹn tí àìsàn fi dé. A ní ibà ni. Kò pẹ́ rárá. Ìnnálílláhì. Ẹni tó yẹ kó sin mí, èmi ni mo jókòó tí wọ́n gbé e kọjá lójú mi. Ẹ má jẹ́ kí n sọ ìyẹn.

Nígbà tí àdúrà fidáù ọjọ́ kẹjọ kù sí dẹ̀dẹ̀, Bílíkí ní ká dín kúlíkúlí aládàbínù, ká fi ṣe sàárà, torí òun ni Rìsí fọwọ́ kàn kẹ́yìn. Àárọ̀ ọjọ́ fidáù gan-an la dín in. Ó gbẹ, ó ń ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu. Láàárín àwọn tó wá, Àlájà Muínátù ní òun ò jẹ irú rẹ̀ rí. Bàbá Lùkúmọ́nù ní dàbínù Mẹ́kà gan-an ò dùn tó o. Ìyá Sàká ń jẹ, ó ń sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn: ta ló máa jẹ sàárà òkú níwájú ìyá òkú, tí á ní kò dùn?

Ọkọ mi ti kú, Àlùfáà Yúsúfù àbúrò rẹ̀ ló ṣe wáàsí. Wọ́n gba gbohùngbohùn, wọ́n ní kúlíkúlí yìí ò gbọdọ̀ bá Rìsí wọlẹ̀. Wọ́n ní ká gbé e jáde fún gbogbo Kaduna, ká tẹ fọ́tò ọmọ náà sára náílọ̀n, kí orúkọ rẹ̀ má parun. Gbogbo èrò ní "Àmín!" Èmi náà ní Àmín, tigbetigbe. Àwa ò tún bi ẹnikẹ́ni mọ́. Àmín yẹn la fi ṣe ìwádìí ọjà!

Ìyá Dèjì nìkan ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe pé Rìsí ní kò tíì tó?"

Kí n tó lanu, Bílíkí ti já lu ọ̀rọ̀ náà: "Ìyá Dèjì, ṣé torí pé ẹ̀ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ò fi fẹ́ kí orúkọ ọmọ wa pẹ́ nílẹ̀ ni?"

Ìyá Dèjì kó abọ́, ó lọ ń fọ̀ ọ́.

A tẹ náílọ̀n. Fọ́tò tí Rìsí yà níbi ìgbéyàwó Àmínà la lò, hìjáàbù aláwọ̀ ewé, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Gbogbo ẹ̀pà tó yẹ ká fi ṣe kúlíkúlí wa àtijọ́, aládàbínù la fi ṣe. A kó o lọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù wa. Ẹ sì wò ó, wọ́n ń gbà á! A tún gbé e lọ, wọ́n tún gbà á. Páálí kan ò padà. Àwọn kan ń béèrè kúlíkúlí àtijọ́, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ọkàn mi ti fúyẹ́ díẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé ọmọ mi ò tíì lọ tán, àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń mú un dání lọ sí iléèwé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Mahuta, sí ṣọ́ọ̀bù Hàjíà Làmí. Hausa ni, ṣùgbọ́n àdúgbò wa ló dàgbà sí, ó gbọ́ Yorùbá bí ọmọ Yorùbá. Kì í ṣe ọjà ni mo bá lọ. Mo kàn fẹ́ rí ojú ọmọ mi níbi tí wọ́n tò ó sí ni.

Mo wo orí pákó. Mi ò rí i. Mo ní, "Hàjíà, aládàbínù wa dà?"

Ó ní, "Ya ƙare, Mama. Ó ti tán pátápátá." Ilẹ̀ ló ń wò.

Inú mi dùn! Mo ní n ó ní kí wọ́n gbé òmíràn wá lọ́la. Ó ní háà, kí n má yọ ara mi lẹ́nu, kò sí ìkánjú.

Àsárì ti tó. Mo ṣe àlùwàlá, mo ní kó jẹ́ kí n kírun ní yàrá ẹ̀yìn. Ó fò dìde. Ó ní ibẹ̀ dọ̀tí, ibẹ̀ gbóná, kí n kírun síwájú ṣọ́ọ̀bù. Èmi àgbàlagbà yìí, kí n máa kírun lójú títì? Mo ti ṣí ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Páálí lórí páálí, títí dé fèrèsé. Wọ́n ti ṣí àwọn kan, èèrà ń wọ inú wọn, ó ń jáde. Lára gbogbo náílọ̀n ibẹ̀ ni Rìsí ti ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Mi ò lè kírun. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi àlùwàlá ṣì wà lójú mi.

Hàjíà Làmí wọlé tọ̀ mí wá, ó kúnlẹ̀. "Mama Rìsí, ki yi haƙuri." Ó ń bẹ̀ mí. Ó ní àwọn ọmọ rà á lẹ́ẹ̀kan, wọn ò padà. Ìyá ọmọ kan tiẹ̀ mú tirẹ̀ wá, ó ní ṣé kúlíkúlí lèyí àbí búrẹ́dì àná.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò dá a padà? Ìgbà wo ni mo kọ ọjà tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ rí?"

Ó ní, "Mama, Rìsí ló máa ń gbé ọjà wá fún mi. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Ṣé èmi ni kí n gbé ojú rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, kí n ní mi ò fẹ́?"

Mo bi í bóyá òun nìkan ni. Ó ní òun, Màlàm Sánì ti Badarawa, àti gbogbo àwọn tó kù, àwọn ti jọ sọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí n mọ̀.

Ṣé ẹ rí i? Àánú mi ni wọ́n ń rà. Wọn ò ra kúlíkúlí kankan.

Nígbà tí mo délé, mo pe gbogbo wa jọ, mo ní a ò ṣe é mọ́. Bílíkí bú sẹ́kún. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Àlùfáà Yúsúfù, wọ́n wá tìbínútìbínú.

"Ìyàwó wa, ṣé o fẹ́ sin ọmọ yìí lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi dé egungun. Mo ní, "Àlùfáà, Rìsí kọ́ ló gbé e jáde. Àwa la gbé e jáde. Ohun tó ní kò tíì tó la lẹ ojú rẹ̀ mọ́. Ilé tó bá wọ̀, ohun tó ń lẹ̀ mọ́ eyín ni wọ́n á fi mọ̀ ọ́n. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n?"

Mo wò wọ́n, omijé ń ṣàn sínú irùngbọ̀n wọn. Wọ́n ní, "Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Èmi ni mo fi oyin kàn án lẹ́nu." Mo ní mo mọ̀. A jókòó pọ̀ bẹ́ẹ̀.

A lọ kó gbogbo páálí náà wálé láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Bílíkí bẹ Ìyá Dèjì. Kúlíkúlí àtijọ́ la padà sí báyìí, àwọn tó ń béèrè rẹ̀ ti ń padà wá, díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ́ńpìnì, ńlá àbí kékeré, ohun tí mo rí nìyí. Ẹni tó bọ̀wọ̀ fún yín tàbí tó káàánú yín ò lè bá yín tọ́ ọjà tuntun wò. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ lórí pákó, kí oòrùn àti ọrinrin rí i, kẹ́ ẹ tó ṣe púpọ̀. Ẹ jẹ́ kó rọrùn fún ẹni tó ń tà á láti dá a padà láì tijú yín. Bí ẹnì kan láàárín yín bá sì ní kò tíì tó, ẹ má jẹ́ kó lọ máa fọ abọ́. Ẹ bi í léèrè ìdí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò mọ̀, òun ni mo fi ń bẹ̀ yín. Kúlíkúlí inú páálí, àgùntàn Màlàm Gàrbá aládùúgbò wa ti jẹ ẹ́ tán. Náílọ̀n ńkọ́? Èmi àti Ìyá Dèjì la tú wọn sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àlùfáà ní ká sun wọ́n. Mo ṣá ìṣáná, ọwọ́ mi ò gbé e. Ṣé kí n wá kó ojú ọmọ mi dà sí bólà ni? Mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sórí okùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Rìsí kún gbogbo àgbàlá mi, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pàdánù ọmọ, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nílé yín, kí lẹ ṣe sí i? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Mi ò lè yára kàwé, ṣùgbọ́n ti gbogbo yín ni n ó kà.