Oúnjẹ Àánú Olọ́mọyọyọ

Àtàǹpàkò rẹ̀ rọra tẹ orí ọ̀pá tín-ínrín tí wọ́n fi ń fa omi. Omi aláwọ̀ oyin yọ lẹ́nu ọ̀pá náà, ó rọ̀ síbẹ̀, ó ń mì. Ó já. Ó bọ́ sínú abọ́ pẹlẹbẹ tí kò ju ojú aago ọwọ́ lọ. Ó tún kán òmíràn sí abọ́ kejì.

Àánú ló ṣe é.

Olọ́mọyọyọ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, ní yàrá ìwádìí oògùn, nítorí òun ló ń tọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ ara tín-ń-tín tí wọ́n fi ń ṣèdánwò. Ó máa ń kí wọn kú àárọ̀. Oògùn òfìnkìn tuntun ni Ọ̀gá ń dán wò lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn abọ́ kan gba oògùn, àwọn kan kò gbà, gbogbo wọn ni yóò gba kòkòrò àrùn. Àwọn tó gba oògùn rù. Ó wò wọ́n nínú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó fún àwọn nìkan ní omi aláwọ̀ oyin yẹn, èyí tí wọ́n yọ nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù, oúnjẹ tí Ọ̀gá ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ bá kòkòrò yìí pàdé.

Kòkòrò kò ríbi wọ àwọn abọ́ olóògùn, ó sì wọ àwọn yòókù. Inú Ọ̀gá dùn. Ó ránṣẹ́ pe àlejò kí wọ́n wá wo iṣẹ́ náà.

"Olọ́mọyọyọ, o ti di ìyá oògùn," akẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀fẹ̀. "Má gbàgbé wa o, àwa tí a jọ ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ Ọ̀gá ń padà wá sí i lọ́kàn.

Ó mú abọ́ tí kò rí oògùn rí. Ó fi oúnjẹ yẹn sí i, ó fi kòkòrò sí i. Kòkòrò kò ríbi wọlé níbẹ̀ náà. Oúnjẹ ló dínà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fún wọn.

Kò lè sọ ọ́. Títí àwọn àlejò fi jókòó. Títí Ọ̀gá fi nawọ́ sí i pé, "Ọmọ mi tó tọ́ wọn nìyí."

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe oògùn."

"Kí ni kì í ṣe oògùn?"

"Èmi ni mo bọ́ wọn, sà. Wọ́n rù. Àánú wọn ṣe mí."

Àlejò kan rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ló ń wò.

"O mọ̀," ó ní jẹ́jẹ́, "o sì jẹ́ kí n pe èèyàn jọ."

Ojú tì í débi pé kò mọ bí òun ṣe dìde.

Wọ́n tún ìdánwò náà ṣe. Oògùn kò ṣiṣẹ́. Akẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì báyìí, abọ́ ni òun ń fọ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Olọ́mọyọyọ mọ́; orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń pè é.