Pakra-pakra Ìkẹyìn Orí Òkè Rumiorko

Inú tó bí Eduviges Chuquilín lọ́jọ́ náà kò kéré. Láti àárọ̀ kùtù ni ìyá àgbà yìí ti ń fi ọ̀pá gun òkè Rumiorko nítorí òdòdó kan ṣoṣo, ihò lásán ló sì bá níbi tí òdòdó ọ̀hún wà tẹ́lẹ̀.

Pakra-pakra ni òdòdó náà. Ó ki, ó tóbi tó àwo ọbẹ̀, kì í sì í hù níbòmíràn àfi láàrin àpáta lókè téńté, níbi tí òtútù ti ń gé ni létí. Nígbà tí Eduviges wà lọ́mọdé, wọ́n kún ibẹ̀. Àwọn tó ń kó o lọ tà fún àwọn oníṣègùn etí òkun ló fà wọ́n tu tán, àwọn ọ̀dájú. Ọ̀kan yìí ló kù, ó sì ti ń ṣọ́ ọ láti ìgbà òjò kí irúgbìn inú rẹ̀ lè gbó.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé dòjé ni wọ́n fi ń gé etí òdòdó náà. A kì í fọwọ́ kan àárín rẹ̀, ibẹ̀ ni irúgbìn wà. Ìyà ló kọ́ ọ ní ìyókù. Ó gbìn ín sínú ìkòkò nílé, ó jẹrà. Ó fi ìgbẹ́ àgùntàn sí i, ó kú. Ó sá irúgbìn sóòrùn bí àgbàdo, kò hù. Ìgbà tó yá ló tó yé e: ọjọ́ tí irúgbìn bá ń já bọ́ síni lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni ká tẹ̀ ẹ́ sínú ilẹ̀ dúdú tó tutù láàrin àpáta, níbi tí oòrùn kì í ti í pẹ́. Lẹ́yìn náà, ká fi í sílẹ̀.

Bó ṣe rí ihò náà báyìí, ó mọ ẹni tó yẹ kó bi. Màlúù tí kò lóyún ni wọ́n ń fún ní òdòdó náà jẹ kó lè lóyún, màlúù Absalón, àbúrò rẹ̀, sì ti yàgàn tipẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ tìbínú-tìbínú. Ẹnu màlúù náà ṣì ń jẹ lọ nígbà tó débẹ̀.

"Absalón! Jáde síta kí n rí ojú olè!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tiẹ̀ kí èèyàn. Ẹ wá jẹ ọ̀dùnkún."

"Kí ọ̀dùnkún há ọ lọ́fun! Ta ló fa pakra-pakra tu?"

"Òdòdó lásán lẹ̀ ń torí ẹ̀ pariwo? Ọlọ́run ló gbìn ín, ẹ̀yin kọ́."

"Ọlọ́run gbìn ín, ìwọ wá fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò! Ṣé àwọn bàbá wa tó ń fi dòjé gé e ò lágbára àtifà á tu ni?"

"Wọ́n ní gbòǹgbò ẹ̀ ló lágbára jù."

"Àwọn wo? Àwọn tó ń tà á!"

Ó gbé ẹjọ́ náà lọ bá àwọn rónda, ẹ̀ṣọ́ tó ń dájọ́ lábúlé. Olórí wọn fi etí póńṣò, aṣọ òtútù tó gbé kọ́rùn, nu ẹnu.

"Ìyá, olè màlúù la máa ń nà ní pàṣán. Ṣé ká wá na èèyàn torí ohun tí màlúù jẹ ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú Eduviges pọ́n kankan.

"Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ọjọ́ tí màlúù tiyín náà bá yàgàn, ẹ̀rín yẹn ni kẹ́ ẹ fún un jẹ."

Màlúù Absalón kò kúkú lóyún. Nígbà tí òjò tún padà, Absalón mú wàràkàṣì dání, ó ṣí fìlà, ó wá sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun. Ṣé kò sí ọ̀kan tẹ́ ẹ fi pamọ́?"

Ẹ wo ojú tí kò nítìjú! Eduviges mú ọ̀pá, ó ní kó tẹ̀ lé òun. Lẹ́yìn àpáta kan lókè, nínú ibi tó sán, ewé méjì péré ló yọ, wọn kò ju èékánná lọ.

"Irúgbìn díẹ̀ ti já bọ́ lára ìyá òdòdó yìí kó o tó fà á tu, mo tẹ̀ wọ́n síbí. Èyí nìkan ló hù."

"Ìgbà wo ló máa yọ òdòdó?"

"Màlúù ẹ ò ní bá a. Ó ṣeé ṣe kí èmi náà má bá a. Ìwọ olè yìí lo máa ṣọ́ ọ."

Absalón bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nawọ́ sí ewé náà. Kó tó kàn án, Eduviges ti fi ọ̀pá gbá a lọ́wọ́.