Ìyá Aláṣọ àti Ẹni Tó Gbá Ọkọ Rẹ̀ Létí

Ọdún méjìlélógún ni Ìyá Aláṣọ ti ń fọ aṣọ fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kan. Abẹ́ àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ìdíje ni yàrá rẹ̀ wà. Ó mọ òógùn oníkálukú bí ìyá ṣe ń mọ igbe ọmọ rẹ̀, bí àwọn ọ̀gá bá sì ń bára wọn jiyàn lókè, òun àti ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀ a jọ máa ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

Ọkọ rẹ̀ ni kóòṣì tó ń kọ́ ẹgbẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún méje sẹ́yìn, nínú eré àṣekágbá, ó yọ ìràwọ̀ ẹgbẹ́ náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ẹ̀fúùfù, kúrò lórí pápá. Ẹ̀fúùfù fárígá, ó gbá bàbá náà létí níṣojú gbogbo èrò, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni àìsàn mú bàbá lọ.

Àfi bí lẹ́tà Ẹ̀fúùfù ṣe dé lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ padà wá. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì, ẹgbẹ́ mẹ́ta ló sì ti lé e. Àwọn ọ̀gá pín sí méjì. Àwọn kan ní èrò yóò ya wá wò ó. Àwọn yòókù ní àkekèé kì í gbàgbé oró rẹ̀ sílé. Ọ̀rọ̀ náà sú kóòṣì tuntun, ló bá sọ̀ kalẹ̀ wá sí abẹ́ àtẹ̀gùn.

"Ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn jù, Ìyá. Bí ẹ bá ní rárá, ó parí nìyẹn."

"Ẹ ní kó wá," ni obìnrin náà dáhùn, kò gbójú kúrò lára ṣòkòtò tó ń ká. "Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

Ẹ̀fúùfù wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ẹni tó ń fò bí ẹyẹ nígbà kan, ògiri ló ń dì mú sọ̀ kalẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, kò sì lè dìde mọ́. Orúnkún ti há. Láti àná ni Ìyá Aláṣọ ti ń to èébú jọ dè é, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ fò ó lọ́kàn. Ó na ọwọ́ sí i, ó fà á jókòó sórí páálí ọṣẹ.

"Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwọ wá ṣubú, orúnkún lò ń wò."

Ẹ̀fúùfù fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ló dé tó ò wá síbi ìsìnkú ẹ̀?"

"Mo wá, mà. Ẹ̀yìn ọgbà ni mo dúró sí. Ìtìjú ò jẹ́ kí n wọlé."

"Ó yẹ kó o wọlé. Kójú tì ọ́ nínú ilé, lọ́dọ̀ wa." Kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. "Ọkọ mi ń wò ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n títí tó fi kú. Mo bá a jà tì. Á ní, 'Wò ó, ọmọ yìí ṣì ń fọwọ́ òsì tàn wọ́n jẹ.'"

Ọkùnrin gíga fíofío náà fọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìyá Aláṣọ fi aṣọ ìnura kan lé e lẹ́sẹ̀, ó sì kọjú sí ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè sunkún tẹ́rùn.

Nírọ̀lẹ́, ó sọ fún kóòṣì pé, "Ẹ gbà á. Inú mi ò tíì yọ́ tán o. Ọdún kan péré, bí wọ́n bá sì ní kó jókòó, kó jókòó."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni agbára Ẹ̀fúùfù ń gbé nínú eré kan. Nígbà àkọ́kọ́ tí kóòṣì yọ ọ́, gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ẹ̀fúùfù di ẹ̀ṣẹ́, ó tú u, ó lọ jókòó. Lọ́jọ́ mìíràn ó fìbínú ta garawa omi nípàá; òun náà ló wá tọrọ aṣọ ìnulẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn, tó sì nu ún gbẹ. Wọn ò gba ife. Ipò kẹta ni wọ́n ṣe, àwọn ọ̀gá kan sì ń kùn di òní.

Ilé-ìwé kan ni Ẹ̀fúùfù ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù báyìí. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń pe Ìyá Aláṣọ lórí fóònù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó béèrè bí bàbá ṣe máa ń mu tíì rẹ̀.

"Láìsí ṣúgà," ni ìyá wí. "Á ní bẹ́ẹ̀ lòun fẹ́ ẹ. Irọ́ ló ń pa, kò fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀ rárá."