Ìbò Àgùntàn Tútù ní Wilgabrook

Òótọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá fi irọ́ bíńtín lú u, kí irùngbọ̀n mi di irun àgùntàn, kí Darcy Pym tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ fá a kanlẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọwọ́ Darcy á mọ̀ pé ìbúra ńlá ni mo bú yẹn.

Ọdún tí eéṣú ya bo oko wa ni. Èmi Len Tolhurst ni àgbà nínú àwa tó ń rẹ́run àgùntàn ní oko Wilgabrook. Kí n má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, láti etí odò Darling títí dé òkun, kò sẹ́ni tó lè bá mi figa gbága. Àgùntàn tí mo bá rẹ́ á ti dé ìta, òtútù á ti máa mú un, kó tó mọ̀ pé irun ò sí lára òun mọ́.

Ọ̀gá abà wa já bọ́ lórí ẹṣin, eegun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Ògbẹ́ni Stroud tó ni àgùntàn wá fi obìnrin kan rọ́pò rẹ̀, Glenys Hatherley. Mo ní bàtà tó dàgbà ju ọmọ náà lọ. Lójú gbogbo wa ni Stroud ṣe sọ fún un pé:

"Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ wá kó irun. Bí iṣẹ́ ò bá parí, ọkọ̀ yẹn náà ló máa gbé ọ padà sílé."

Nígbà tó di Ọjọ́rú, òjò wínníwínní rọ̀ ní ìdájí. Abẹ́ òrùlé làwọn àgùntàn sùn, ó kàn ta sí àwọn mélòó kan lára ni. Glenys tọwọ́ bọ irun ọ̀kan.

"Ó gbẹ," ló wí. "Ẹ̀yin bàbá, ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Háà! Darcy pa ẹ̀rọ rẹ̀ tó ti tàn.

"Len, ṣé ìwọ náà gbọ́ ohun tí mo gbọ́?"

"Mo gbọ́. Mo rò pé àgùntàn ló ń sọ̀rọ̀ ni."

"Ìyá ọ̀gá," Darcy yíjú sí i, "ṣé ẹ̀yin lẹ máa há àgùntàn sáàárín itan? Ṣé inú eegun tiyín ni làkúrègbé máa gbé?"

Ohun tí ọmọ náà ò mọ̀ rèé. Ọ̀gá kì í sọ pé àgùntàn gbẹ. Irun tútù máa ń fa làkúrègbé àti eéwo fún ẹni tó bá gbá a mọ́ra látàárọ̀ dalẹ́, nítorí náà àwa tá à ń rẹ́run nìkan la máa ń dìbò lé e. Inú àgolo Edna Quilty, alásè wa, la ti ń dì í: ẹ̀wà ni tútù, àlìkámà ni gbígbẹ, a kì í sì í bi ẹnikẹ́ni ohun tó jù sí i. Bí ẹ̀wà bá pọ̀ jù, iṣẹ́ dúró títí a ó fi mu tíì tán, ká tó tún dìbò. Ọba pàápàá ò gbọ́dọ̀ fẹnu sí i.

Edna gbé àgolo yí wa ká, ó dà á sórí tábìlì. Ẹ̀wà ni, ẹ̀wà, ẹ̀wà. Hóró àlìkámà kan ò sí níbẹ̀.

"Èyí tó sè jẹ lọ́sàn-án," Edna wí.

Àgùntàn tó gbẹ bíi bisikíìtì! A jókòó, à ń rẹ́rìn-ín sínú. Darcy nìkan ni ò rẹ́rìn-ín sínú. Òun ń pariwo pé òun ló kọ́ ọ̀gá lẹ́kọ̀ọ́.

Àfi bí Stroud ṣe já wọlé. Ó ti gbọ́ pé ẹ̀rọ dákẹ́.

"Glenys! Kí ló dé?"

"Wọ́n ti dìbò, ọ̀gá. Àgùntàn tutù."

Stroud ki imú bọ irun àgùntàn tó sún mọ́ ọn. Eruku bò ó. Ó sín, ó tún sín, òrùlé páànù gbéra, ó sì padà jókòó. Ojú mi báyìí ló ṣe.

"Ṣé eléyìí ló tutù? Dárúkọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ fún mi, kí n lé e dànù nísinsìnyí!"

Kálukú wolẹ̀. Etí Darcy pọ́n bí ata, torí Glenys ti gbọ́ gbogbo ariwo tó pa. Bó bá la ẹnu pẹ́rẹ́, Darcy ti rìn, òun á sì di ààyò Stroud.

Glenys tọwọ́ bọ irun àgùntàn náà dé ìgúnpá. Ó yọ ọ́, ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọn omi nù, ó sì nù ún mọ́ ṣòkòtò.

"Ó tutù, ọ̀gá. Omi ń kán tó, tó, tó."

"Omi wo?"

"Omi tí wọ́n dìbò fún. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, èmi ni. Mo fẹnu sí ohun tí kì í ṣe tèmi. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹnu sí i. Bí ẹ bá máa lé mi lọ́jọ́ Ẹtì, ó dáa. Àmọ́ lónìí, èmi ni ọ̀gá abà yìí, àgùntàn sì tutù."

Stroud yíjú padà, ló bá lọ, ó fi ilẹ̀kùn gbá odindi ògiri.

Darcy wú ikọ́.

"Edna, gbé àgolo wá."

"Ẹ ò tíì mu tíì."

"Obìnrin yìí, mo ní o gbé àgolo wá!"

Glenys bọ́ síta, ó kẹ̀yìn sí wa kí ojú rẹ̀ má bàa ká ohun tá a bá jù. Àlìkámà nìkan ló jáde, ó tiẹ̀ ju iye wa lọ. Ẹnì kan ti dìbò lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní sọ ẹni náà, mo kàn máa sọ pé ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wa lọ.

Ẹ wá wo iṣẹ́! Irun ń fò bí ìkùukùu. Èéfín ń rú lára ẹ̀rọ tèmi, Edna sì dúró tì mí, ó ń da tíì tútù lé e. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àgùntàn ti tán, Darcy ń wo ajá Stroud lójú bíi pé òun ló kàn láti rẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Stroud yẹ irun wò lápò-lápò, ó ń wá àléébù, kò rí. Awakọ̀ bi í pé níbo ni èrò tí wọ́n ní kóun wá gbé wà.

"Kò sí èrò," Stroud ráhùn. "Máa lọ."

Ọ̀gá tá ò bá kà sí ní abà wa, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ là ń fi pè é. Láti ọjọ́ náà, Ọ̀gbẹlẹ̀ là ń pe Glenys, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ àfi àwa. Ẹni tó bá ń jiyàn, Edna Quilty ṣì wà láàyè, ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń gbé. Ẹ lọ bi í.