Ọwọ́ Tútù Níwájú Àna

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́ èṣí ni mo wọ ilé wọn ní Ẹ̀fọ̀n. Òórùn iṣu tó ń hó lórí iná ló kọ́kọ́ kí mi. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ rán mi sí Erijiyan nítòsí ibẹ̀ pé kí n máa ṣe olùkọ́. Èmi àti ọmọbìnrin ilé náà ti fi àdéhùn sáàárín ara wa. Ó ku kí àwọn òbí rẹ̀ wò mí bóyá mo yẹ.

Mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá rẹ̀ fà mí dìde, àmọ́ kò tètè fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Ọwọ́ ọmọ yìí tutù bí omi àmù," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Àbí ara rẹ̀ ò yá ni?"

Ẹ̀rù ń bà mí, bí ẹ̀rù bá sì ti ń bà mí, àlàyé ni mo máa ń ṣe. Mo ní kì í ṣe àìsàn, pé oje kan wà tó máa ń tú jáde lórí kíndìnrín sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá dé. Oje náà á ní kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú awọ fún pọ̀, ọwọ́ á sì tutù. Kíndìnrín nìkan ni ìyá rẹ̀ dì mú nínú gbogbo rẹ̀.

"Kíndìnrín kẹ̀? A ò lè fún alárùn kíndìnrín lọ́mọ o."

Ọmọbìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu lẹ́nu ọ̀nà ìdáná. Ẹ̀rín ló ń rín. Bàbá nawọ́ sí odó.

"Ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú ò lè gún iyán ilé yìí. Bọ́ kóòtù rẹ."

Ọmọbìnrin náà gbé ọmọ odó kejì, a jọ ń gún iṣu náà, bí mo bá gún, òun náà á gún, ó ń bẹ̀ mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí n má fọ́ òun lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n lára: ẹran apá tó ń ṣiṣẹ́ náà ń ránṣẹ́ tirẹ̀ pé kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣí. Iṣan yọ lẹ́yìn ọwọ́ mi, àtẹ́lẹwọ́ mi gbóná. Bàbá tún dì í mú.

"Nígbà tí ọmọ wa bá parí ìwé rẹ̀," ó ní, "mú àwọn èèyàn rẹ wá."

Ìyá rẹ̀ bu iyán ẹni méjì fún mi, ó sì jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, bóyá kíndìnrín mi ló ń ṣọ́.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ka ẹ̀rù sí ìtìjú mọ́. Ìránṣẹ́ lásán ni. Ara ní ìránṣẹ́ mìíràn, èyí tó máa ń dé bí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tù mí nínú ju bí mo ti lè sọ lọ.

Ọmọ wọn ti parí ìwé rẹ̀ báyìí. Bàbá tèmi ní Ìwó kò tíì gbọ́ nǹkan kan, ó sì ti ń wá ìyàwó fún mi láàárín àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti là á kọjá, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un?