Àmì Tí Mo Fi Sábẹ́ Orin Bàbá Alágídìgbo

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo ba orin ọkùnrin kan jẹ́. Bíìrò pupa ni mo fi bà á jẹ́, lórí tábìlì ìjẹun mi ní Ṣómólú, lọ́sàn-án gangan, mo sì rò pé iṣẹ́ rere ni mo ń ṣe.

Ọkùnrin náà fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe ní òpópónà kan tó já sí Pedro, ìlú kan lápá Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì ti bí i. Àmọ́ àgídìgbo ni gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Fún ẹni tí kò bá rí i rí, àpótí pákó ni àgídìgbo. Wọ́n á kan ahọ́n irin mélòó kan mọ́ ojú rẹ̀, ẹni tó ń ta á á gbé e lé itan, á máa fi àtàńpàkò tẹ irin náà, á máa jù ú sílẹ̀ kó lè dún. Fúnra rẹ̀ ló kan àpótí tirẹ̀. Ayùn tí kò mú mọ́ ló gé ṣe ahọ́n rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, òun náà ló ń gbe orin. Àwọn méjèèjì ló máa ń ṣeré níbi ìsọmọlórúkọ àti ìṣílé, tí àwọn apẹja Bàrígà bá sì ń sọ ọkọ̀ tuntun sómi, àwọn ni wọ́n máa ń pè.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa ló sì ní kí n kọ orin àwọn olórin àdúgbò sílẹ̀, ká tẹ̀ ẹ́ ní ìwé pẹlẹbẹ, kí àwọn ọmọ ilé ìwé lè máa kọ́ ọ. Kò sí olórin tí inú rẹ̀ dùn sí i tó ti bàbá yìí.

“Tísà,” ó ní, “kò sí ìkankan nínú àwọn ọmọ mi tó fẹ́ fọwọ́ kan àpótí yìí. Tí ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, mo mọ̀ pé orin mi ò ní bá mi lọ.”

Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo gbé fóònù mi sórí pákó tó ń fá lọ́wọ́, mo ní kó máa gba ohùn sílẹ̀, mo sì tẹjú mọ́ fóònù náà kó má baà kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò wo ọwọ́ bàbá lẹ́ẹ̀kan. Bí mo ṣe gbọ́ orin náà lẹ́nu rẹ̀ nìyí:

Ọwọ́ òsì mi, mo kí ọ o,
Wọ́n dè ọ́ mọ́ mi lẹ́yìn, o já.
Wọ́n ní o ò lè sisẹ́ láyé,
Isẹ́ rẹ ni mo fi bọ́ ọmọ yó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti mọ̀ pé ọwọ́ tí kì í ṣe ọ̀tún ló ń kí. Èmi ò mọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ará ìlú bàbá kì í pe ṣ. “Isẹ́” ni wọ́n ń pe iṣẹ́, “asọ” ni wọ́n ń pe aṣọ, “isu” ni wọ́n ń pe iṣu. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, a máa ń fi èyí ṣe ará òkè yẹ̀yẹ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Nígbà tí mo sì di tíṣà, gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ni mo fi ń fi àmì sábẹ́ s fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Nítorí náà, nígbà tí mo jókòó ti orin bàbá, kò sí s kan tí mo jẹ́ kó lọ láìní àmì. Sisẹ́ di ṣiṣẹ́, ó tọ́. Isẹ́ di iṣẹ́, ó tọ́. Òsì náà di òṣì, mo sì fi bíìrò pupa yí lẹ́tà náà po kí atẹ̀wé má baà gbójú fò ó. Mo wá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo ní ọwọ́ tálákà ni bàbá ń kí, ọwọ́ tí ìyà dè tó sì já. Mo tilẹ̀ yin ara mi pé mo gbọ́ ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Ọkùnrin tó bá wa tẹ ìwé náà, láàárín àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kóun yọ àmì kúrò.

“Mọ́mì, kọ̀ǹpútà mi ò fẹ́ràn nǹkan yìí o. Tí mo bá fi sí i, lẹ́tà á máa fò kiri. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ lásán, wọ́n á mọ̀ ọ́n kà.”

“A ò ní kọ Yorùbá bí ẹni tí kò délé ìwé,” mo dá a lóhùn. Mo dúró tì í títí ó fi fi gbogbo àmì síbi tí mo fẹ́. Ká ní mo gbọ́ tirẹ̀ ni, orin náà ì bá bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ tí a kó ìwé náà jáde, a pàdé ní gbọ̀ngàn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀ Sátidé. Bàbá àti ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú, àgídìgbo wà lórí itan rẹ̀. Alága ẹgbẹ́ onílé ló ka orin náà sókè kí wọ́n tó kọ ọ́. Ó kà á dáadáa, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe fàmì sí i: “Ọwọ́ òṣì mi, mo kí ọ o.”

Obìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn: “Ẹ gbà mí o! Ó wá ku òṣì tá a máa kí!”

Ẹ̀rín bú. “Bàbá ọlọ́wọ́ òṣì!” ọkùnrin kan ké. “Ẹ má bọ̀ mí lọ́wọ́ lónìí o! Ẹ juwọ́ sí mi láti ọ̀hún!”

Bàbá ò mọ̀wé. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Kí ló kà?” Ìyàwó rẹ̀ tẹjú mọ́lẹ̀. Èmi náà wá dìde, mo ní kí wọ́n dákẹ́, mo ní òṣì inú orin yìí kì í ṣe èébú, pé bí ìyà ṣe jẹ bàbá tó tẹ́lẹ̀ ló ń sọ. Àlàyé mi ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá, nítorí bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó jáde láì ta á.

Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí ìyá àgbà kan, tó ti bẹ̀ wọ́n wá síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n má wá mọ́. “Ó wà nínú ìwé,” ni ìyá náà ń sọ kiri. “Ẹni tó ń kí òṣì, ṣé orí ọmọ tuntun mi ló máa wá kí i sí?” Àwọn tó fẹ́ ṣílé náà wá ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi pè wọ́n mọ́, láti Fádèyí dé Pedro. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ń sọ fún ara mi pé àwọn èèyàn ni kò mọ ìwé kà.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, bàbá àti ìyàwó rẹ̀ dúró sí ẹnu géètì mi.

“Tísà, kí lẹ kọ sínú ìwé?”

“Ohun tí ẹ kọ lórin náà ni, bàbá.”

“Èmi? Kí ni mo pè?”

“Òṣì ni, bàbá. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ kì í pe ìró yẹn bó ṣe yẹ, mo wá bá yín tún un ṣe. Ẹ má bínú, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ nípa èdè.”

Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́. “Ẹ wá wò ó! Ó tún ń kọ́ wa! Ó bà wá jẹ́ tán, ó tún ń kọ́ wa!”

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ bàbá, “ẹ” ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ. Ọjọ́ yẹn ló fi í sílẹ̀.

“Wá síbí,” ó ní. Ó na ọwọ́ kan láàárín irin géètì. Àtàńpàkò rẹ̀ ti yi bíi awọ bàtà. “Ọwọ́ wo nìyí? Kí ni wọ́n ń pè é nílé bàbá tìẹ?”

“Ọwọ́ òsì,” mo ní.

Ó jáde lẹ́nu mi láìní àmì kankan lábẹ́, mo sì gbọ́ ọ.

“Kíláàsì kìn-ín-ní ni mo wà tí mo fi ọwọ́ yìí mú sọ́ọ̀kì. Tísà dè é mọ́ mi lẹ́yìn, ó fi pàsán na èyí tó kù. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Òun ni mo fi ń fá pákó. Òun ni mo fi ń ta àgídìgbo, lójú rẹ, látọdúnmọ́dún, o ò rí i?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Tísà ló dè é. Tísà ló tún sọ ọ́ di olósì. Kí ni ọwọ́ mi fi se ẹ̀yin tísà?”

Èmi náà ti gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ òsì ọ̀pọ̀ ọmọ rí, mo ti fi rúlà gbá ìka wọn, mo sì ń pè é ní ẹ̀kọ́.

Mo gbà pé mo ṣàṣìṣe, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ilé dé ilé láti tún ìwé náà ṣe. Bíìrò kò lè yọ àmì. Abẹ́ ìfárí ni mo fi ń ha á, ihò ló sì ń dá sí bébà. Àwọn kan ò tilẹ̀ fún mi. “Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń pa wá lẹ́rìn-ín,” ni wọ́n ń wí. Ìyá àgbà tó lé wọn kúrò níbi ìsọmọlórúkọ gbọ́ àlàyé mi tán, ó yọ ṣùtì. “Ọwọ́ òsì lẹ ní kí n gbọ́? Èyí tá a fi ń ṣan ìdí, òun ló fi ń bọ́ ọmọ? Ẹ máa gbé e lọ.”

Mo kó àwọn ìwé tí mo rí gbà lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá. Ó fi ìka kan ihò tó wà nínú bébà.

“Fà á ya,” ó ní. “Gbogbo ojú ìwé yẹn. Mi ò fẹ́ orin tó lu.”

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká tún un gbà sílẹ̀. Màá kà á fún yín ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó délé ìtẹ̀wé.”

“Ìsinsìnyí lo mọ ìyẹn? Fà á ya.”

Mo fà wọ́n ya níwájú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ nawọ́ sí báàgì mi. “Èyí tó wà nínú fóònù ńkọ́? Pa á rẹ́.” Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ohùn inú fóònù yìí nìkan ló kù, mo ní bí orin náà bá lọ, kò sí ọmọ kankan tó máa mọ̀ ọ́n. “Àwa ló máa bá lọ,” ó ní. “Pa á rẹ́.” Mo pa á rẹ́. Ó gba fóònù náà, ó wò ó fínnífínní, ó ní kí n fi hàn òun pé kò sápamọ́ síbì kankan.

Etí omi ní Bàrígà nìkan ni wọ́n ti ń ṣeré báyìí, nítorí ìwé wa kò dé ibẹ̀. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án. Mo gbọ́ àgídìgbo náà láti òkèèrè kí n tó rí wọn. Bí bàbá ṣe gbójú sókè tó rí mi, ó dáwọ́ dúró, ó fa aṣọ bo àpótí náà. Àwọn apẹja yíjú sí mi. “Mọ́mì, ta lẹ ń wá?” Mo ní mi ò wá ẹnì kankan. Mi ò tíì dé ọ̀nà tí mo fi gbọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìwé náà ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń kọ orin àwọn tó kù. Ti bàbá kò sí níbẹ̀, mo ti fà á ya.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sílẹ̀, lórí bébà tàbí lórí fóònù, mo bẹ̀ yín: kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ lọ jókòó ti ẹni tó ni ín, kí ẹ kà á sí i létí. Bó bá ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbà fún un, bí ẹ tiẹ̀ mọ̀wé jù ú lọ. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n.